Ajá Owólabí Kò Gbọdọ̀ Kú

Ìbà, lẹ́bàá Òjó,
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Ẹrẹ́nà, 1956.

Títílayọ̀ ọmọ mi,

Mo kí ọ o, mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìnáwó Èkó tí kì í tán. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ọkọ rẹ ń jẹun dáadáa? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí a fi ẹkún gbọ́ ìró ara wa. Ìyá rẹ, Fàúsátù, ní kí n kí ọ. Èmi fúnra mi ni mo kọ lẹ́tà yìí, nítorí ẹ̀kọ́ àgbà tí wọ́n ń kọ́ wa nírọ̀lẹ́ ti wọ̀ mí lára, olùkọ́ wa sì ní bí mo bá lè dín ọ̀rọ̀ sísọ kù díẹ̀, èmi ni ǹ bá máa gba ipò kìíní.

Ewúrẹ́ rẹ ti bí méjì. Má jẹ́ kí àyà rẹ já sí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí o: ajá ti bù mí jẹ. Mo ru àgbọn lọ fún Owólabí, ẹni tó ń ra àgbọn lọ́wọ́ wa ní Okokomaiko, ni ajá rẹ̀ tó ń jẹ́ Bíngò bá já ṣéènì, ó bù mí jẹ lẹ́yìn ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó sì ya ṣòkòtò kàkí tí o rà fún mi. Ẹsẹ̀ tí mo fi ń gun àgbọn ni. Láti ọjọ́ náà n kò lè gun igi kankan, àgbọn ń já bọ́ fúnra wọn, àwọn aládùúgbò sì ń ṣà á jẹ.

Owólabí kó àgbààgbà mẹ́ta wá, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, wọ́n mú obì dání. Mo jẹ obì náà. Ìyá rẹ ní ó tán nìyẹn, pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Mo ní ẹ̀bẹ̀ ni mo gbà, n kò tíì gba owó gbà-má-bínú, obì kì í sì í báni gun àgbọn. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gba kóòtù lọ.

Títílayọ̀, kóòtù dára! Wọ́n gbé fọ́ọ̀mù kalẹ̀, wọ́n bi mí pé ọmọ ọdún mélòó ni mí, mo ní ọdún tí omi kún wọ ọjà Òjó ni wọ́n bí mi, akọ̀wé sì kọ márùndínlọ́gọ́ta, n kò mọ ẹni tó sọ fún un. Ibi tó le ni ibi tí wọ́n ti ní kí n sọ iye tí mo ń bèèrè fún ẹsẹ̀. Mo bẹ akọ̀wé kó dúró dè mí, mo tiro lọ sọ́dọ̀ alápatà, mo bèèrè iye tí ó ń ta ẹsẹ̀ màlúù. Ó ní ṣílè mẹ́rin. Mo padà dé, mo ní kí akọ̀wé kọ ṣílè márùn-ún, kó lè ka ṣòkòtò náà mọ́ ọn. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ní pọ́n-ùn mẹ́wàá ni òun máa kọ. Àṣé ẹsẹ̀ mi sàn ju ti màlúù lọ!

Akọ̀wé yìí náà ló ní kí n lọ sí dísípẹ́ńsárì, kí n gba ìwé tí a ó fi han adájọ́. Ọkùnrin ibẹ̀ fi ọṣẹ fọ ojú ọgbẹ́ náà títí ó fi sú mi. Ó ní kí Owólabí so ajá náà mọ́lẹ̀, kí wọ́n máa wò ó fún ọjọ́ mẹ́wàá, bóyá àrùn dìgbòlugi wà lára rẹ̀. Bí ajá bá kú, èmi náà wà nínú ewu, abẹ́rẹ́ mẹ́rìnlá ni wọn yóò sì gún mi níkùn. Mo ní ẹsẹ̀ ni ó jẹ, kí ni ikùn mi ṣe é? Ó ní bí ajá bá yè, ọkàn mi lè balẹ̀.

Ohun tó yé mi níbẹ̀ ni pé wọ́n ti so ẹ̀mí mi mọ́ ti ajá, n kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kó kú. Àbúrò mi Àlàbí ti ń pọ́n àdá pé òun máa pa á. Mo gba àdá lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní ẹni tó bá fọwọ́ kan Bíngò, èmi ló fọwọ́ kàn. Láràárọ̀ ni mò ń tiro lọ sí Okokomaiko pẹ̀lú ẹ̀kọ méjì àti ẹja yíyan. Mo máa ń jókòó síbi tí ṣéènì kò lè dé, mo máa kí i kú àárọ̀, mo máa wò ó títí yóò fi jẹ tán. Lèmọ́mù pàdé mi lọ́nà, wọ́n bi mí pé kí ló kan mùsùlùmí kan oúnjẹ ajá. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kó pé ọjọ́ mẹ́wàá ná. Owólabí máa ń gbé àga fún mi. Ó bi mí bóyá a ṣì ń lọ sí kóòtù ní Mọ́ńdè tó ń bọ̀ yìí, mo ní a ń lọ, ó ní kò burú, òun á fi kẹ̀kẹ́ òun gbé mi dé ibẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹfà, Bíngò kò jẹun. N kò ní purọ́ fún ọ, ọmọ mi, ẹ̀rù bà mí. Mo jókòó síwájú rẹ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí, mò ń bẹ̀ ẹ́, omi ń bọ́ lójú mi. Mo rò ó pé n kò tíì gbé ọmọ rẹ kankan mọ́ra. Owólabí jókòó tì mí, òun náà kò jẹun. Àṣé ìyàwó rẹ̀ ti da eegun fún ajá náà kí n tó dé, ó ti yó bámúbámú ni!

Òní pé ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ó jẹ ẹ̀kọ mẹ́ta, ó sì gbó mi gan-an. Inú mi dùn.

Jọ̀wọ́, fi ṣílè mẹ́wàá ránṣẹ́ fún ẹja àti ẹ̀kọ, nítorí n kò ní dá oúnjẹ rẹ̀ dúró lọ́la lójijì, ọkùnrin dísípẹ́ńsárì lè ti ṣi ọjọ́ kà. Má fi bébà pósófíìsì ránṣẹ́ mọ́ o. Èyí tí o fi ránṣẹ́ nígbà Ìtúnu Ààwẹ̀, ọkùnrin ibẹ̀ ní kí n kọ́kọ́ gbé e fún òun kí òun tó fún mi lówó. Mo ní èmi kọ́ ni wọn yóò rẹ́ jẹ, mo gbé e padà sílé, ó wà nínú àpótí, kò tíì bàjẹ́.

Ọlọ́run yóò ṣí ilẹ̀kùn ire fún ọ. Wàá bí tibi tire, èmi yóò sì wà láyé láti sọ ọmọ náà lórúkọ. Tí o bá ń kírun lọ́la, ṣàdúà fún bàbá rẹ, kí o sì ṣe fún Bíngò náà. Ṣùgbọ́n má dárúkọ ajá níwájú Ọlọ́run. Sọ pé ẹnìkan ní Okokomaiko.

Èmi ni bàbá rẹ,
Àdìsá.