Orin Ìwẹ̀ Àbẹ̀ní

Agbo-ilé Ògúntìmẹ́hìn,
Aké,
Abẹ́òkúta.
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kẹwàá, ọdún 2024.

Ummu mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ìkókó ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kí o sùn? Bàbá ìkókó, Sàlàhúdíìnì wa, ṣé ọwọ́ wọn kò tíì kúrò lára ẹ́ńjìnnì àwọn ọkọ̀ sìmẹ́ńtì? Màmá yín tó wá bá ọ tọ́jú ọmọ ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ wọn ti fúyẹ́? Ẹ kú ewu ọmọ, ẹ kú ọwọ́ lómi. Mo mọ̀ pé ìkókó ni kò jẹ́ kí o wá síbi ìgbéyàwó mi, n kò sì bínú rárá.

Ummu, mo ti di ìyàwó! Èmi Èyítáyọ̀! Bí mo bá jí láàárọ̀ tí mo rí Olúṣẹ̀yẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ẹ̀rín á kọ́kọ́ pa mí ná kí n tó kí i. Ó máa ń ní, "Kí ló ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín?" Mo máa ń ní, "Ìwọ náà ni." Ọkùnrin yìí ń fọ abọ́! Ó ń fọ abọ́ lójú ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ kò sì bá mi jà. Ayọ̀ náà kún mi débi pé n kò lè dá a gbé, òun náà ló sì kó mi sí wàhálà tí mo ń kọ̀wé lé lórí yìí. Jọ̀wọ́ jókòó kà á.

O rántí ìwà mi láti ilé-ìwé, tí a máa ń pín íápíìsì lò, etí kan tèmi, etí kan tìrẹ, tí mo ń wá orin àwọn tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀ kiri orí íńtánẹ́ẹ̀tì. O máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Èyí, ìwọ àti orin àwọn tí ìyá wọn nìkan ló mọ̀ wọ́n!" Kò tíì fi mí sílẹ̀. N kì í lọ sọ́dọ̀ àwọn ìlú-mọ̀ọ́ká. Ọ̀dọ̀ àwọn tí ilé-iṣẹ́ orin kankan kò tíì gbà ni mo ń lọ, àwọn tó ń fi fóònù gba ohùn ara wọn sílẹ̀ nínú yàrá. Báyìí ni mo ṣe rí nọ́ọ̀sì kan tó ń kọ fújì nínú aṣọ funfun rẹ̀. Báyìí náà ni mo ṣe rí Àbẹ̀ní.

Àbẹ̀ní kì í fi ojú hàn. Ọwọ́ rẹ̀ nìkan là ń rí, àti aṣọ ìkélé aláwọ̀ búlúù lẹ́yìn rẹ̀. Kò ní ìlù, kò ní gìtá. Ẹ̀rọ ìránṣọ ẹlẹ́sẹ̀ ló fi ń gbe orin: ẹnìkan á máa tẹ̀ ẹ́, kẹ̀kẹ̀kẹ̀kẹ̀, ohùn rẹ̀ á gun orí rẹ̀. Orin kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ràn ju ìyókù lọ. Mo ti mọ̀ ọ́n sórí kí n tó mọ Olúṣẹ̀yẹ.

Ó wá di ọjọ́ ìgbéyàwó. Wọ́n mú mi dé ẹnu ọ̀nà ilé yìí kí wọ́n bu omi sí mi lẹ́sẹ̀ kí n tó wọlé. Ọmọ ilé lóbìnrin ló yẹ kó ṣe é, ṣùgbọ́n ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí ìyá ọkọ mi bí kò sí nílé, nítorí náà Màmá fúnra wọn ló bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú igbá omi. Bí wọ́n ti ń bù ú ni wọ́n ń kùn lábẹ́lẹ̀: "Omi rọra o, ẹyin ni mo gbé lọ́wọ́." Èmi aláyọ̀, ẹnu mi kò gbọ́ tèmi, mo gbè é: "Àbẹ̀ní wẹ̀ tán, oòrùn ń jowú."

Igbá dúró lọ́wọ́ wọn. Ìyálé mi, aya ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, pariwo: "Ẹ wá wo ìyàwó o! Ó ti mọ orin ilé kó tó mọ ilé ìdáná!" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Màmá kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ta ló kọ́ ọ?" Mo ní, "Orí fóònù ni, mà." Wọ́n ní, "Orin tí mo fi ń wẹ ọmọ mi ni. Èmi ni mo ṣẹ̀dá rẹ̀. N kò kọ ọ́ sétí ẹlòmíràn rí." Wọ́n sì jókòó sílẹ̀ nínú omi yẹn, tàwọn taṣọ tuntun.

Tolúlàṣẹ ni orúkọ ọmọ náà, Àbẹ̀ní ni oríkì rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan yìí ni màá kọ ọ́, nítorí ìyàwó kì í pe ọmọ ilé ọkọ lórúkọ. Ohùn-Oyin ni mo ń pè é, bí n kò tilẹ̀ tíì fojú kàn án. Bàbá ọkọ mi ni olùdarí akọrin nínú ìjọ wọn nígbà ayé wọn. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ọmọ wọn ń kọrin ní òtẹ́ẹ̀lì, wọ́n kó ẹrù rẹ̀ síta. Ó lọ, ó sì yí nọ́ńbà padà. Lẹ́yìn náà ni Bàbá kú. Wọ́n wá a títí kí wọ́n tó sìnkú, wọn kò rí i. Títí di òní, kò mọ̀ pé kò sí bàbá òun mọ́.

Ummu, ayọ̀ gùn mí. Mo kọ̀wé sí i lórí íńtánẹ́ẹ̀tì níbẹ̀. Mo ní ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mí, mo ní kó máa bọ̀ wálé. Ìwọ náà mọ̀ pé a kì í túfọ̀ òbí fún ọmọ bẹ́ẹ̀, pàápàá ẹni tó dá wà níbi tí a kò mọ̀. Mo ṣe bí gbogbo èèyàn ti ń ṣe. Mo kọ ọ́ pé: "Ara Bàbá kò yá. Wọ́n ní kí o tètè máa bọ̀."

Ó kà á. Nígbà tí mo padà débẹ̀, orin ti lọ, fídíò ti lọ, orúkọ náà kò sí mọ́. Olúṣẹ̀yẹ káwọ́ lérí: "Bàbá wa yẹn? Kí Bàbá ránṣẹ́ pè é? Èyítáyọ̀, o kò mọ Bàbá! Á rò pé wọ́n tún fẹ́ dójú ti òun ni." Àwọn àgbà ní ẹyin lọ̀rọ̀. Mo rò pé irọ́ yẹn ni tìmùtìmù tí mo tẹ́ sábẹ́ rẹ̀, àṣé òun gan-an ni òkúta.

Mo ti kọ̀wé sí gbogbo àwọn tó máa ń gbọ́ orin rẹ̀. Nọ́ọ̀sì onífújì yẹn tilẹ̀ bá mi kéde. Kò sí. N kò sì dà á sórí fóònù nígbà tó wà, mo ṣe bí ibẹ̀ ni yóò máa wà títí. Màmá kò mọ̀. Láràárọ̀ ni wọ́n ń gba fóònù mi, wọ́n á gbé e sórí itan, wọ́n á ní, "Ìyàwó, bá mi tan orin ọmọ mi." Mo máa ń ní, "Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dáa, mà." Wọ́n á ní kò burú, àwọn á dúró dè é, wọn kò sì ní jẹun. Ẹnìkan ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì Ìtòkú dáa, ni wọ́n bá gun ọ̀kadà lọ! Mo bá wọn láàárín àwọn aláàdìrẹ, wọ́n na fóònù sókè. Ummu, wọ́n ti ń rù. Ìdí nìyí tí mo fi kọ lẹ́tà: fóònù kò sí lọ́wọ́ mi mọ́.

Ìwọ nìkan ló kù. Nínú fídíò kan, ó kí àwọn ará Papalanto, níbi tí ẹ ń gbé yẹn, ó ní eruku funfun wọn ti wọ òun lọ́fun. Jọ̀wọ́, bí ara rẹ bá gbà á, pọn ìkókó, kí o bá mi wá ṣọ́ọ̀bù aránṣọ tó ní aṣọ ìkélé búlúù. Bẹ Sàlàhúdíìnì kí wọ́n bi àwọn awakọ̀. Bí o bá rí i, má pa irú irọ́ tí mo pa. Má ní ara ẹnikẹ́ni kò yá. Jókòó tì í, dì í lọ́wọ́ mú, kí o sọ fún un pé bàbá rẹ̀ ti kú. Bó bá bi ọ́ bóyá wọ́n dárúkọ òun kí wọ́n tó lọ, sọ fún un pé wọn kò dárúkọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà kí o fún un ní mẹ́mọ́rì káàdì tí mo dì sínú lẹ́tà yìí.

Ohùn Màmá ni. Lánàá, nígbà tó sú wọn láti máa dúró, wọ́n gbé fóònù súnmọ́ ẹnu, wọ́n ní bóyá bí àwọn bá kọ́kọ́ dá a, ọmọ náà á gbè é. Mo ti tẹ̀ ẹ́ kó gba ohùn sílẹ̀, wọn kò mọ̀. "Omi rọra o, ẹyin ni mo gbé lọ́wọ́." Wọ́n dá ìyẹn tán, wọ́n dákẹ́, wọ́n ń retí. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà gùn, n kò gé e kúrò. Sọ fún Ohùn-Oyin pé ibẹ̀ ni ègbè tirẹ̀ wà.

Bá mi kí Màmá yín àti bàbá ìkókó. Olúṣẹ̀yẹ ń kí yín, abọ́ ló ń fọ̀ lọ́wọ́.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí kò ní ẹlòmíràn tí yóò rán,
Èyítáyọ̀.