Ta Ni Yóò Dúró Ti Dádì?

Dádì mi àtàtà,

Ara mi ò balẹ̀ lónìí. Láti àárọ̀ ni mo ti ń jókòó tí mo tún ń dìde. Mo ti gbá pálọ̀ tí kò dọ̀tí, mo ti gbé omi kaná tí mo sì gbàgbé ohun tí mo fẹ́ fi ṣe, mo ti yọjú sí títì bí ẹni tó ń retí àlejò. Mọ́mì wò mí títí, wọ́n ní bí mi ò bá rí nǹkan ṣe, kí n kúkú jókòó kọ̀wé. Ta ni mo fẹ́ kọ ọ́ sí bí kò ṣe ẹ̀yin?

Géèmù yín ń kú lọ. Mo ń sọ nípa èyí aláwọ̀ eérú tí ò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, tẹ́ ẹ rà ní Dùgbẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń ta àlòkù, tẹ́ ẹ ní Tólú lẹ rà á fún, tẹ́ ẹ sì ti gbà á lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ kó tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ojú rẹ̀ ti ń ṣẹ́jú. Mo gbé e lọ bá obìnrin kan tó ń tún fóònù ṣe ní Agbowó, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní géèmù kọ́ ni ìṣòro, kásẹ́ẹ̀tì eré tó wà nínú rẹ̀ ni. Bátìrì kékeré kan wà nínú kásẹ́ẹ̀tì yẹn tó ń bá yín rántí gbogbo ibi tẹ́ ẹ dé àti gbogbo àwọn tẹ́ ẹ kó jọ. Bátìrì náà ti fẹ́ tán. Bó bá tán, gbogbo rẹ̀ parẹ́ nìyẹn, bí ẹni pé ẹ ò ṣeré náà rí. Bí wọ́n bá sì yọ ọ́ láti fi òmíràn sí i, bákan náà ni.

Mo ṣì ń rí yín nínú ọkọ̀, lábẹ́ igi máńgòrò iwájú ilé lẹ́sìnnì wa ní Bódìjà. Ẹ ti ti Sẹkitéríàtì dé, táì yín ti tú, jígí ìkàwé ti sọ̀ kalẹ̀ sí ṣóńṣó imú, ahọ́n yín yọ díẹ̀ létí ẹnu. Ẹ ń rin inú koríko géèmù náà kiri, ẹ ń wá àwọn ẹranko abàmì tẹ́ ẹ máa mú, tẹ́ ẹ máa tọ́, tí wọ́n á sì máa bá yín jà. Bí ìjà bá parí, ẹ máa ń kí wọn kú iṣẹ́ sókè. Bí ọ̀kan bá ṣubú, ẹ ò ní ṣíná ọkọ̀ títí ẹ ó fi gbé e dé ilé ìwòsàn inú géèmù, bó ti wù kí ibẹ̀ jìnnà tó. Èmi àti Tólú á wà lẹ́yìn ọkọ̀, ebi á máa pa wá, a ò sì ní lè sọ̀rọ̀.

Àwọn ẹranko náà pọ̀ lọ súà, ṣùgbọ́n mẹ́fà péré ló lè tẹ̀ lé èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà. Ibi tí àríyànjiyàn ilé wa ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mẹ́fà wo?

Tólú ti di géńdé báyìí o. Ó ti ní irùngbọ̀n, ó sì ní géèmù tirẹ̀ tó tuntun ju tiyín lọ. Ṣọ́ọ̀bù kan wà ní Agbowó tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń figa gbága nídìí géèmù náà, ẹ̀rù Tólú ń bà wọ́n níbẹ̀. Alágbára nìkan ló ń kó jọ. Kì í fún wọn lórúkọ. Èyí tó bá já a kulẹ̀ lónìí, ó ti yọ ọ́ kúrò kó tó dọ̀la. Bí mo bá ní àánú wọn ń ṣe mí, á wò mí, á ní, “Àǹtí mi, wọn ò mọ̀ yín o.”

Èmi ní tèmi, mo fẹ́ kí wọ́n bára wọn mu. Mo fẹ́ ẹni tó lè pa iná, ẹni tó lè dúró gba ìyà kí ẹlòmíì fi mí, àti ẹni tó lè wo àwọn yòókù sàn. Mo lè fi odidi ọ̀sán to mẹ́fà, kí n tú wọn ká, kí n tún wọn tò. “Àǹtí mi, ṣé tíìmù lẹ̀ ń kó jọ ni àbí ọbẹ̀ lẹ̀ ń sè?” Tólú tún nìyẹn. Ẹnu rẹ̀ ò tíì dín kù.

Ẹ̀yin wá ńkọ́? Ẹ ò wo agbára, ẹ ò sì wo bí wọ́n ṣe bára wọn mu. Ẹni tẹ́ ẹ bá pàdé lọ́nà, tí ìṣe rẹ̀ bá ti jọ ti ẹnì kan tẹ́ ẹ mọ̀, ó ti bá yín délé. Ìjàpá tí ewéko hù lẹ́yìn rẹ̀, èyí tẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, ẹ sọ ọ́ ní Yèyé, bẹ́ ẹ ṣe máa ń pe màmá yín n'Íléṣà. Wọ́n ti ṣaláìsí nígbà yẹn, ṣùgbọ́n ẹ ní bí ìjàpá náà ṣe ń lọ́ra tí kì í sì í gbà fún ẹnikẹ́ni, àwọn gan-an ni. Ẹyẹ tó máa ń pariwo kó tó jà, ẹ sọ ọ́ ní Àdùnní, orúkọ Mọ́mì, Mọ́mì ò sì bá yín sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Òkúta abẹsẹ̀ tó máa ń sùn lójú ìjà, Lańlọ́ọ̀dù. Èyí tí orí rẹ̀ rí bí agogo, Wòlíì. Alángbá oníná, Tólú. Ọ̀pọ̀lọ́ kékeré tí ojú rẹ̀ tóbi ju ara rẹ̀ lọ, Àjọkẹ́. Èmi nìyẹn.

Ìdajì wọn ni ò lè fara da mànàmáná. Ẹnikẹ́ni tó bá ti gbé mànàmáná wá, ó na gbogbo ilé nìyẹn. Tólú máa ń sọ títí dòní pé, “Dádì ò kó tíìmù jọ o, ìpàdé ẹbí ni wọ́n pè.” Síbẹ̀ ẹ kó ìpàdé ẹbí yẹn débi tí géèmù náà parí sí. Ẹ lọ́ra, ẹ ń bá àwọn kéékèèké jà nínú koríko fún oṣù mélòó kan kí wọ́n lè dàgbà, ẹ ò sì lé ẹnikẹ́ni kúrò. Ọjọ́ tẹ́ ẹ borí ọ̀gá pátápátá, ẹ tẹ họ́ọ̀nù ọkọ̀ títí olùkọ́ wa fi sáré jáde wá wò bóyá ìjàǹbá ló ṣẹlẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ló dé tí Àjọkẹ́ kì í jà? Ìdí ìlà ló máa ń wà, lẹ́yìn Lańlọ́ọ̀dù tó ń sùn pàápàá. Tólú ń ju iná, Àdùnní ń pariwo, Yèyé ń gba ìyà, Àjọkẹ́ ń wòran. Mo bi yín nígbà kan. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ti jígí yín sókè, ẹ ń bá eré yín lọ. Ó dùn mí, Dádì. Mo gbà pé bẹ́ ẹ ṣe ń wò mí náà nìyẹn, ẹyin tí kò gbọdọ̀ jábọ́. Tólú tó jẹ́ àbúrò ń dá wọ kẹ̀kẹ́ lọ síbi tó wù ú, èmi ẹ̀gbọ́n, ẹ̀gbẹ́ yín ni mo máa ń wà.

Ní Sátidé tó kọjá, Tólú gbé géèmù tirẹ̀ wá pẹ̀lú wáyà tí wọ́n fi ń so ó mọ́ tiyín. Àwọn ará ilé yín lè gba inú wáyà yẹn kọjá sọ́dọ̀ rẹ̀ kí bátìrì tó tán. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti kọjá ò lè padà mọ́. Géèmù àtijọ́ náà ò sì ní gbà kí gbogbo wọn lọ. Ó kéré tán, ẹnì kan gbọ́dọ̀ ṣẹ́ kù sọ́dọ̀ ẹni tó ni wọ́n, torí kò fẹ́ kó dá rìn nínú koríko. Bí bátìrì bá wá tán, ẹni tó ṣẹ́ kù náà bá a lọ nìyẹn.

Tólú ò tilẹ̀ rò ó. Ó ní ká fi Lańlọ́ọ̀dù sílẹ̀, kò kúkú wúlò. Mo ní rárá. Ṣé ẹ̀yin ni ká fi sílẹ̀ pẹ̀lú lańlọ́ọ̀dù? Mo ní Àjọkẹ́ ni kó dúró. Ó ti bá yín wà lẹ́yìn látọjọ́ yìí, kò ní ibòmíì tó ń lọ.

“Àǹtí mi, ṣé ẹ fẹ́ bá bátìrì kú ni?”

Ó ká wáyà rẹ̀, ó sì bínú lọ.

Ọjọ́ kejì, mo dá géèmù náà gbé, mo ṣí Àjọkẹ́ wò. Ẹ mọ̀ pé ẹ kì í jẹ́ ká fọwọ́ kàn án, torí náà mi ò wo inú rẹ̀ rí. Mo rò pé ọ̀pọ̀lọ́ aláìlágbára kan ni màá bá. Dádì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá Tólú alángbá dọ́gba! Ó ju Lańlọ́ọ̀dù lọ, ó ju Wòlíì lọ. Báwo lẹni tí kò jà rí ṣe wá lágbára tó bẹ́ẹ̀? Ìgbà yẹn ni mo rí ìlẹ̀kẹ̀ tó wà lọ́rùn rẹ̀.

Kò sẹ́ni tó ń ṣe géèmù yẹn tí kò mọ ìlẹ̀kẹ̀ náà. Ẹyọ kan ló wà nínú gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá wọ̀ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdí ìlà ló wà, á máa pín nínú gbogbo ohun tí àwọn tó wà níwájú bá kọ́ lójú ìjà. Ẹnikẹ́ni ò ní nà án, síbẹ̀ á máa dàgbà. Ẹni tí Tólú bá fẹ́ sọ di ọ̀gá tíìmù rẹ̀ lọ́la ló máa ń fi í sí lọ́rùn. Èmi lẹ fi í sí lọ́rùn, ẹ ò sì bọ́ ọ.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo rántí bẹ́ ẹ ṣe máa ń pè mí. Àjọkẹ́, bọ́ sọ́kọ̀ọ́. Ẹ fẹ́ lọ bá mẹkáníìkì, ẹ mú mi dání. Ẹ fẹ́ lọ bá télọ̀ tó fẹ́ pa aṣọ yín run, ẹ mú mi dání. Ẹ fẹ́ bá lańlọ́ọ̀dù tiwa gan-an fa ọ̀rọ̀, ẹ ní kí n gbé àpótí wá jókòó. Ẹ ò ní kí n sọ nǹkan kan. Mo rò pé ẹ ò fẹ́ kí n dá wà nílé ni. Láìpẹ́ yìí, mẹkáníìkì kan ní Ring Road fẹ́ tú ẹ́ńjìnnì tí kò ṣe nǹkan kan, mo sì bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ títí ó fi kó irinṣẹ́ rẹ̀. Ohùn yín ló ń jáde lẹ́nu mi. Ta ló kọ́ mi? Kí ló dé tẹ́ ẹ kàn rẹ́rìn-ín nígbà tí mo bi yín? Ṣé ẹ rò pé mo ti mọ̀ ni? Mo sunkún, mo bínú sí yín, mo tún sunkún.

Tólú padà dé lọ́sàn-án, òun náà ò lè jókòó sílé. A tún bẹ̀rẹ̀ ìjà náà, torí pé ìlẹ̀kẹ̀ yẹn ò tíì yanjú nǹkan kan. Bí mo bá lọ, ta ni yóò dúró tì yín? Ohùn wa ti ròkè nígbà tí Mọ́mì ti ṣọ́ọ̀ṣì wọlé pẹ̀lú sùtánà funfun lọ́rùn, láìwọ bàtà. Wọ́n ní ká ṣàlàyé. A ṣàlàyé. Wọ́n ní kí n pe orúkọ àwọn ẹranko náà sétí àwọn, mo bẹ̀rẹ̀ látorí ẹni àkọ́kọ́.

“Yèyé wà ńbẹ̀?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà.

“Ẹ̀yin ọmọ yìí. Ìyá wà ńbẹ̀, ẹ wá ń jà nípa ẹni tó máa dúró ti ọmọ. Ṣebí ìyá ti ṣáájú Dádì yín débẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn yòókù máa bọ̀ o jàre.”

Wọ́n wọ yàrá lọ bọ́ sùtánà. Tólú tó máa ń pe Yèyé ní ẹrù ilẹ̀, òun ló kọ́kọ́ bú sẹ́kún.

A kó wọn kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan. Lańlọ́ọ̀dù sùn kọjá. Wòlíì, Àdùnní, Tólú. Nígbà tó kan Àjọkẹ́, mo gbé àtàǹpàkò lé bọ́tìnì, mo tún gbé e kúrò. Tólú gbé ọwọ́ rẹ̀ lé ọwọ́ mi, a jọ tẹ̀ ẹ́.

Mo ti bọ́ ìlẹ̀kẹ̀ náà lọ́rùn rẹ̀ báyìí. Ó ti kọ́ èyí tó tó. Sátidé tó ń bọ̀ ni ìdíje ní Agbowó, èmi àti Tólú la jọ forúkọ sílẹ̀, Àjọkẹ́ ló sì máa kọ́kọ́ jáde. Ẹ̀rù ń bà mí. Ẹnikẹ́ni lè gbé mànàmáná wá.

Géèmù yín wà lórí tábìlì ìjẹun. Òun ló ń gbé mi dìde látàárọ̀, tó tún ń gbé mi jókòó. Mo lọ wò ó kí n tó kọ ìlà yìí. Bátìrì ò tíì tán. Ẹ wà létí koríko níbi tẹ́ ẹ ti máa ń bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yin àti ìjàpá yín nìkan. Mo tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ẹ rìn síwájú, Yèyé sì ń tẹ̀ lé yín bọ̀ jẹ́jẹ́. Ẹ má yára jù fún wọn, Dádì. Ẹ bá mi kí wọn dáadáa.

Èmi ni,
Àjọkẹ́ yín tó ti bọ́ síwájú.