Nọ́ńbà Ààbò Dún Lẹ́yìn Ògiri Mi

Ẹ jọ̀ọ́ admin, ẹ bá mi fi orúkọ mi pamọ́. Àyà mi ń já láti ọjọ́ Sunday, mi ò sì lè sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni ní àdúgbò, ìdí nìyẹn tí mo fi gbé e wá bá ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ mí. Mowe níbí là ń gbé. Àwa àti àwọn ọlọ́pàá jọ ń ṣọ́ street wa ni, kí n má parọ́, ó ti ṣe wá lóore, àwọn tó ń jí bátìrì inverter ò wá mọ́, ọlọ́pàá pàápàá máa ń yà kí àwọn ìyá àgbà tó ń dá gbé. Nọ́ńbà kan ṣoṣo la máa ń pè, wọ́n ní kí oníkálukú má máa da station láàmú, ẹni tí fóònù yẹn wà lọ́wọ́ ẹ̀ ni yóò pe ọlọ́pàá. “Security” ni mo fi save ẹ̀. Mo rò pé ọ̀dọ̀ àwọn guard tí street wa gbà ló wà... mi ò béèrè rí, nítorí mi ò kì í lọ sí mítìn, ariwo wọn ti pọ̀ jù.

Dádì Tolú ni alága ààbò wa. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín pálọ̀ wọn àti tèmi. Ní Sunday yẹn, a ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, kò síná, gbogbo jẹnẹrétọ̀ dákẹ́, ni mo bá gbọ́ tí Mọ́mì Tolú, ìyàwó ẹ̀, ń ké pé ẹ gbà mí o. Ó ń lù ú! Ká tó wí, ohùn ẹ̀ ti há, bí ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn. Inú bí mi, mo tẹ nọ́ńbà Security... ẹ̀yin èèyàn mi, fóònù náà dún lẹ́yìn ògiri! Lílù dúró. Ó gbé e, èémí ẹ̀ nìkan ni mò ń gbọ́. Mo gé e. Ṣé ẹ rí wàhálà tí mo fọwọ́ ara mi fà? Nọ́ńbà gbogbo wa ló wà lórí fóònù ẹ̀, tòun ti orúkọ.

Kò bínú sí mi o. Ìyẹn gan-an ló ń kó mi láyà jẹ. Ó ń kí mi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó tún ní kí wọ́n gbé iná tuntun kọjú sí fèrèsé mi. Láti Sunday, a ò rí Mọ́mì Tolú. Ọkọ ẹ̀ ní ó lọ kí ìyá ẹ̀ ní Àgbàdo, àmọ́ fóònù ẹ̀ ò lọ, búrẹ́dì tó fẹ́ tà sì ti ń bu lẹ́nu ọ̀nà. Ṣé obìnrin tó ń tajà máa lọ báyẹn? Ṣé ó ṣì wà nínú ilé yẹn? Ṣé ó tiẹ̀ wà láàyè?

Ọ̀gá ọlọ́pàá tí ì bá gbọ́ ẹjọ́, pálọ̀ Dádì Tolú ló ti ń jẹun. Ọlọ́pàá obìnrin kan wà tó ní ká máa wá bá òun tí wọ́n bá ń lù wá nílé, ojú ẹ̀ jọ ti ọmọlúàbí, àmọ́ mọ́tò Dádì Tolú ló ń gbé e wá...

Lánàá, Dádì Tolú ránṣẹ́ pè mí sí mítìn. Ó dìde níwájú àwọn ọlọ́pàá, ó ní èmi ni aládùúgbò tí etí ẹ̀ là jù, pé kí àwọn guard máa fojú sí ilé mi dáadáa, kí wọ́n máa jẹ́ kí òun mọ ìgbà tí mo bá jáde àti ibi tí mo bá lọ. Gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́ fún mi. Èmi náà pàtẹ́wọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ta ni kí n pè báyìí?