Ibi Tí Màmá Ń Gbé Ẹsẹ̀ Lé

                                        Ilé Bàbá wa,
                                        Yàrá tó kọjú sí ọgbà.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹrin.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ìyàwó yín ńkọ́? Àwọn ìbejì ńkọ́? Ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn yín ti ń gbọ́ oògùn? Ara Màmá le. Èmi ni ọkàn mi ò balẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, torí mo fọwọ́ ara mi ba nǹkan Bàbá jẹ́.

Ẹ rántí pápá koríko Bàbá. Láti ìgbà tí wọ́n ti fi wá sílẹ̀, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Òkú koríko dì pọ̀ bí ẹní sí ìdí èyí tó tutù, omi ò ráyè wọlẹ̀. Ewéko múlọ́múlọ́ tí a ń pè ní tìmùtìmù sì ti gba gbogbo ibi òjìji. Mo bá gbé réèkì, mo ní kí n ṣe bí ọmọ gidi. Mo ha òkú koríko kúrò, mo hú tìmùtìmù, n ò ṣẹ́ ẹyọ kan kù. Apá mi fẹ́rẹ̀ẹ́ já, mo sì ń yin ara mi.

Nígbà tí Màmá jáde, wọn ò bínú. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ńṣì wọn níbi òjìji, wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n gbé ẹsẹ̀ lé ilẹ̀ pípá.

Wọ́n ní, "Bàbá yín máa ń fi ti ibí sílẹ̀ fún mi."

Wọ́n tún bàtà wọ̀, wọ́n wọlé. Ẹ̀gbọ́n mi, mo sunkún. Ogójì ọdún ni Bàbá fi bá tìmùtìmù jà káàkiri ọgbà yẹn, tí wọ́n bá sì ti dé ìdí bẹ́ńṣì, wọ́n á yà á sílẹ̀ bí ẹni tí kò rí i. Àwa rò pé ó ti rẹ̀ wọ́n ni.

Mo padà lọ tú òkìtì tí mo kó dànù. Mo ṣa tìmùtìmù tó ṣì tutù, mo tẹ́ ẹ sí ìdí bẹ́ńṣì, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, mo sì ń bu omi wọ́n ọn láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ó kọ́kọ́ pọ́n bí ewé gbígbẹ. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú ni kì í bàjẹ́, èmi sì ti fagbára mú un ná. Koríko yòókù ń yọ, ó ń dán, àmọ́ inú mi ò dùn sí i.

Láàárọ̀ yìí, mo yọjú lójú fèrèsé. Màmá ti wà lórí bẹ́ńṣì, bàtà wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo lọ bá wọn, mo bi wọ́n bóyá tìmùtìmù náà ti múlẹ̀. Wọ́n fọwọ́ gbá ibi tí Bàbá máa ń jókòó sí, wọ́n ní, "Bọ́ bàtà rẹ."

Ẹ bá mi kí ìyàwó yín, kí ẹ sì fọwọ́ pa àwọn ìbejì lórí fún mi. Àyè ẹnì kan ṣì kù lórí bẹ́ńṣì náà. Tí ẹ bá ń bọ̀, ẹ má wọ bàtà olókùn, á pẹ́ kí ẹ tó bọ́ ọ.

                                        Èmi ni tiyín, ẹni tí ẹ pọ̀n dàgbà,
                                        Àbígbẹ̀yìn.