Àpótí Iná Yín Tí Mo Purọ́ Mọ́

Bàbá mi ọ̀wọ́n, Bàbá Oníná tèmi,

Ó ti pé ọdún méjì tí a sin yín, èyí sì ni lẹ́tà àkọ́kọ́ tí mo máa kọ sí yín. Mo ti ń sọ fún ara mi pé iṣẹ́ ni kò jẹ́ kí n ráyè. Irọ́ ni. Ẹ ṣáà mọ̀ pé mi ò lè purọ́ fún yín lójúkojú nígbà tí ẹ wà láyé. Ojú mi á lọ sílẹ̀, ẹ̀yin á sì bú sẹ́rìn-ín kí n tó sọ̀rọ̀ tán. Ẹ ò sí níwájú mi báyìí, síbẹ̀ ilẹ̀ náà ni mò ń wò.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ròyìn ilé. Màámi wà. Orúnkún ń yọ wọ́n lẹ́nu, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní àwọn ò gun ọ̀kadà. Àbúrò mi tó wà n'Ìbàdàn ti bí ọmọbìnrin. Irinṣẹ́ yín ṣì wà lára ògiri ní ilé wa l'Ùsì bí ẹ ṣe fi wọ́n kọ́ sílẹ̀, èyí tó gùn lápá òsì, èyí tó kúrú lápá ọ̀tún. Mò ń lò wọ́n, mo sì ń dá wọn padà síbi tí mo ti mú wọn. Nǹkan kan tí mò ń ṣe bí ẹ ṣe fẹ́ nìyẹn.

Iṣẹ́ ń lọ. Àwọn èèyàn kọ́kọ́ ń wò mí pé kí lobìnrin ń wá lórí àkàbà, ṣùgbọ́n wọ́n ti ń pè mí báyìí. L'Ọyẹ́, àwọn tó ń kọ́lé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kì í jẹ́ kí n sinmi. Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ máa rò pé mo ti mọ iṣẹ́ jù yín lọ. Ẹ gbọ́ bí mo ṣe sọ ọ́? Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́ àwọn ìyá Orin-Èkìtì ni mo wá bá yín sọ. Ẹ rántí ẹ̀rọ náà, èyí tí ẹgbẹ́ wọn fi ń lọ ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fẹ́ fi ṣe gàrí, tí ẹ ṣe àpótí iná sí lára. Abẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé wa lẹ jókòó sí, tí ẹ fi odindi ọ̀sẹ̀ kan to inú àpótí náà fúnra yín. Ẹ fi gílóòbù kéékèèké mẹ́ta sí ojú rẹ̀, pupa, yẹ́lò àti búlúù, nítorí wáyà mẹ́ta ló ń gbé iná wọ mọ́tò ẹ̀rọ náà. Ẹ kọ́ mi pé bí iná inú ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá lọ tàbí tó rẹ̀wẹ̀sì, méjì tó kù á fẹ́ ṣiṣẹ́ ẹni mẹ́ta, mọ́tò á máa kérora, á gbóná, á sì jó. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi fi nǹkan kékeré yẹn sínú àpótí, èyí tí kò ju páálí ìṣáná méjì lọ, kó máa ṣọ́ iná mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọlọ́dẹ lẹ sọ ọ́. Bí iná ò bá ti pé, Ọlọ́dẹ á dún tọ́, á já ẹ̀rọ kúrò lára iná. Kò sì ní jẹ́ kó padà àfi tí iná bá dúró dáadáa fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Àwọn ìyá kì í fẹ́ràn ìdúró yẹn rárá. Ẹ̀yin a sì máa dá wọn lóhùn pé ẹni tí kò lè dúró de Ọlọ́dẹ á lọ dúró de ẹni tó ń tún wáyà inú mọ́tò tó jó wé l'Adó.

Nígbà tí ẹ wà lórí àìsàn tó gbé yín lọ, ẹ máa ń béèrè àwọn àpótí yín lọ́wọ́ mi bí ẹni ń béèrè ọmọ. Ti Orin ńkọ́? Ti ṣọ́ọ̀ṣì ńkọ́? Èyí tó wà nídìí ẹ̀rọ omi àdúgbò wa ńkọ́? Mo máa ń dá yín lóhùn pé dáadáa ni wọ́n wà, tí n ó sì máa tẹ fóònù mi lọ. Kí ló dé tí mi ò gbé fóònù yẹn sílẹ̀?

Ní nǹkan bí oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, àwọn ìyá Orin pè mí. Iná ti lọ fún ọjọ́ mẹ́jọ, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Wọ́n ti bó ẹ̀gẹ́ kún bàsíà sílẹ̀. Ẹ̀rọ á lọ díẹ̀, Ọlọ́dẹ á dún tọ́, gbogbo nǹkan á dúró. Ẹ̀gẹ́ tí a bá sì ti bó kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Mo gun ọ̀kadà láti Ùsì, mo débẹ̀, mo yọ tẹ́sítà, mo fi kan wáyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó tàn lórí gbogbo wọn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bínú. Èèmelòó lẹ sọ fún mi pé tẹ́sítà lè sọ pé iná wà, àmọ́ kò lè sọ pé iná pé? Mítà tí a fi ń wọn iná wà nínú báàgì mi. Bátìrì rẹ̀ ti kú láti ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú. Lójoojúmọ́ ni mò ń gba iwájú ẹni tó ń ta bátìrì kọjá, tí mò ń kí i, tí mo sì ń bá tèmi lọ.

Bí mo ṣe dúró síbẹ̀ tí mò ń wo inú àpótí bí ẹni tó mọ ohun tó ń wò, obìnrin kan láàárín wọn béèrè jẹ́jẹ́ pé ṣé kí àwọn kúkú pe ọkùnrin oníná tó wà n'Ìdó. Kò bú mi. Kò tilẹ̀ gbé ohùn sókè. Àmọ́ inú bí mi, ó bí mi débi pé etí mi gbóná. Èmi, ọmọ Bàbá Oníná! Mo gé wáyà kékeré kan tí kò gùn ju ìka mi lọ, mo fi so ẹnu Ọlọ́dẹ mọ́ ìdí rẹ̀, kí iná lè máa gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá láìbi í léèrè. Dáírẹ́ẹ̀tì ni àwa oníná ń pè é. Ohun tí ẹ sọ pé ẹni tó bá ṣe é kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan irinṣẹ́ yín mọ́.

Ẹ̀rọ gbéra. Àwọn ìyá pàtẹ́wọ́ fún mi, ó sì dùn mọ́ mi. Mo ní n ó padà wá lọ́la. Iṣẹ́ l'Ọyẹ́ gbà mí, ọ̀la yẹn sì di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà, nígbà tí ọjà ku ọ̀la, ni mọ́tò jó. Nígbà tí mo débẹ̀, èéfín ṣì ń jáde, àwọn ìyá dúró síta, wọ́n fi ìborùn bo imú. Ọlọ́run ṣeun, kò sẹ́ni tó fara pa. Èmi nìkan ni mo wọlé. Mo ṣí àpótí yín, mo rí wáyà mi níbẹ̀, ó ti dúdú. Mo yọ ọ́ kíá, mo tì í bọ àpò ṣòkòtò. Ó ṣì gbóná, ó jó mi lára. Ìgbà tí mo délé, mo sọ ọ́ sí ṣáláńgá.

Ìyá Ẹgbẹ́, olórí wọn, tó máa ń bu gàrí tuntun fún yín nígbàkígbà tí ẹ bá lọ síbẹ̀, wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n bi mí bóyá àpótí ni kò ṣiṣẹ́.

Mo ní, "Ó ti gbó ni."

Gbólóhùn kan péré, Bàbá mi. Mo lè sọ pé ẹ̀rù ló bà mí, àmọ́ ẹ̀rù nìkan kọ́. Mo mọ̀ pé òkú kì í dìde wí tẹnu rẹ̀. Ẹ̀yin nìkan lẹ wà nílẹ̀ tí mo lè dá lẹ́bi, tí kò ní sẹ́ni tó máa yẹ̀ mí lọ́wọ́ wò. Ẹ̀yin tí ẹ gbé mi sí èjìká kí n lè rí ojú mítà. Irú ọmọ wo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀?

Wọ́n tú àpótí náà kúrò, wọ́n sọ ọ́ sẹ́yìn ilé ẹ̀rọ, adìẹ ń sùn lórí rẹ̀. Kí wọ́n tó tún mọ́tò wé tán l'Adó, Ìdó ni àwọn ìyá yẹn ń gbé ẹ̀gẹ́ lọ, lórí ọ̀kadà, nínú òjò. Mo bá wọn lọ́nà lọ́jọ́ kan. Wọ́n juwọ́ sí mi. Mo ṣe bí ẹni tí kò rí wọn.

Ẹ̀yin náà mọ agbègbè wa, ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ rìn. Láti Orin ó dé Ùsì pé àpótí Bàbá Oníná ti gbó, pé ó ń jó mọ́tò. Ṣọ́ọ̀ṣì ní kí n wá tú tiwọn. Mo lọ, Bàbá. Mo lọ tú u. Bí mo ṣe yọ fúùsì kan péré, Ọlọ́dẹ inú rẹ̀ dún tọ́, ó já iná, gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe ní kó máa ṣe. Kò sí àìsàn kankan lára rẹ̀. Mo mọ̀, mo sì tú u. Àwọn ará àdúgbò wa náà ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ ni kí n wá tú ti ẹ̀rọ omi. Mo ní ó dáa. Bí mọ́tò yẹn bá jó, odò ni Màámi àti orúnkún wọn máa lọ, mo sì tún ní ó dáa.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, Màámi ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, wọn ò bọ́ gèlè. Wọ́n gbé oúnjẹ fún mi, wọ́n jókòó tì mí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé uṣẹ́ bàbá rẹ kò dáa ni?"

Ohùn wọn ni ó pa mí. Obìnrin tó di àkàbà mú fún yín ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, òun ló wá ń béèrè bóyá asán ló ń dì mú. Mo fi òkèlè sílẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, láti orí bátìrì dé ṣáláńgá. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n kó abọ́. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n ní, "Orin ni kó o lọ sọ ọ́."

Kí ọkàn yín lè balẹ̀, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ti gbọ́, mo ti dá tiwọn padà, kò sì sẹ́ni tó máa fọwọ́ kan ti ẹ̀rọ omi. Àmọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ l'Orin lọ́jọ́ Ajé ni mo torí rẹ̀ mú bírò.

Ọjọ́ ìpàdé wọn ni. Wọ́n jókòó sórí àpò gàrí yí ẹ̀rọ ká, mọ́tò rẹ̀ ti ti Adó dé. Mo kúnlẹ̀, mo sọ ọ́. Mo sọ pé àpótí kò gbó, pé èmi ni mo di Ọlọ́dẹ lẹ́nu, pé mo purọ́ mọ́ yín nígbà tí ẹ ò lè dáhùn. Mo rò pé wọ́n á pariwo. Ì bá sàn fún mi. Obìnrin tó dárúkọ ọkùnrin Ìdó lọ́jọ́sí gbójú kúrò lára mi, bí ẹni tó ń bá mi tijú.

Ìyá Ẹgbẹ́ ò wò mí. Wọ́n ní kí n lọ gbé àpótí wá. Mo fi omi àti aṣọ nu ìgbẹ́ adìẹ kúrò lójú rẹ̀, mo gbẹ inú rẹ̀, mo fi mítà wọn iná mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo so ó padà. Gílóòbù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tàn. Ẹ̀rọ gbéra. Wọ́n wá ní kí n fi hàn wọ́n, bí iná ò bá pé, kí ló máa ń ṣe.

Mo yọ fúùsì kan. Tọ́. Ẹ̀rọ dúró.

Ìyá Ẹgbẹ́ dìde, wọ́n rọra rìn lọ síbi àpótí, wọ́n tẹ orúnkún díẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́ fún yín, wọ́n ní:

"Bàbá Oníná, ẹ kú uṣẹ́ o."

Obìnrin tó tẹ̀ lé wọn náà dìde, ó kí yín. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni àwọn yòókù, lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn. Wọ́n ń kí yín bí ẹni tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pẹ̀lú fúùsì lọ́wọ́, wọ́n gba iwájú mi kọjá, kò sì sẹ́ni kankan nínú wọn tó kí mi.

Èmi ni,
ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí ojú yín ń tì.