Fermín Kọjá Lọ́jọ́bọ̀

Nélida ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé iṣẹ́ ìràwọ̀ wíwò yẹn ń lọ déédéé? Ìyá Wa Màríà ti Andacollo á máa ṣọ́ ọ ní Santiago níbẹ̀, òtútù kò ní rí ọ gbé ṣe. Àwa náà wà bí a ti wà. Òjò kò tíì rọ̀, ẹ̀gún ni àwọn ewúrẹ́ ń jẹ, wàrà wọn kò tó ṣe wàràkàṣì mọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀mí wà.

Nélida, o dá mi lóró, bí o kò tilẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀. Ọ̀rọ̀ tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù Hortensia aládùúgbò wa, orí àpáta ló gùn lọ kà á fún mi, torí ibẹ̀ nìkan ni fóònù ti ń mí. O ní Fermín máa kọjá nítòsí wa lọ́jọ́bọ̀. Bó ṣe kà á débẹ̀ ni fóònù kú.

Ìwọ náà wò ó. Ẹ̀gbọ́n rẹ tó bínú sọdá òkè lọ sí Argentina nígbà tí bàbá yín ta ìbaaka rẹ̀, tí a kò gbúròó rẹ̀ mọ́! Ṣé kí n káwọ́ gbera ni? Mo pa òbúkọ kékeré, mo sun búrẹ́dì nínú eérú gbígbóná bó ṣe fẹ́ràn rẹ̀, mo gbálẹ̀ títí dé ojú títì. Hortensia ní kí n yé sunkún sínú ọbẹ̀, pé iyọ̀ ti tó. Ilẹ̀ ṣú, ẹnikẹ́ni kò yọ.

Ìgbà tí fóònù jí lọ́jọ́ kejì la tó ka ìyókù. Pé òkúta ni. Pé ìwọ lo kọ́kọ́ rí i lójú ọ̀run, o sì fi orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ sọ ọ́. Pé ọ̀nà rẹ̀ kò rí róbótó bíi ti ayé, ó gùn bí asẹ́ tí ènìyàn jókòó lé. Inú òkùnkùn ló ń lọ, ó di ẹgbẹ̀rún ọdún kó tó padà. Mo bi Hortensia pé ṣé ìjọba kò lè tún ọ̀nà náà ṣe kó kúrú ni, ó ní orí mi ti dàrú. O tún ní tó bá jìnnà sí oòrùn, ṣe ló ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀, àfi tó bá súnmọ́ ọn ló máa ń sáré. Fermín gan-an nìyẹn, ó sì dùn mí wọ akínyẹmí ara. Kì í ṣe òbúkọ ni mò ń kábàámọ̀, ìrètí tó ti sùn jẹ́jẹ́ ni mo tún lọ jí.

Jọ̀ọ́, má yọ orúkọ náà kúrò. Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra epo fìtílà, torí láti ọjọ́bọ̀ ni mo ti gbé fìtílà sẹ́nu ọ̀nà, n kò sì láyà láti gbé e wọlé. Òkúta kò ní yà, mo ti gbọ́. Ẹni tó ni orúkọ ṣì lè yà.

Kí Ìyá Wa jẹ́ kí ọ̀nà tìrẹ rí róbótó, ọmọ mi, kó sì kúrú.

Èmi ni ìyá rẹ,
Domitila