Àwọn Ọkọ̀ Tí A Kì í Kà

Ẹ kú ilé o, Màámi. Láti Ìlú Ọba ni mo ti kúnlẹ̀ kí yín. Mo kí Dàágbó, bàbá wa àgbà, mo sì kí Sewanu àbúrò mi tó ṣì ń lọ sókun. Gbangba ni mo ti ń kọ lẹ́tà yìí, níbi tí gbogbo èèyàn ti lè kà á, torí ohun tí mo fẹ́ sọ ti wà ní gbangba ṣáájú mi.

Òtútù ibí ò ṣeé fẹnu sọ. Tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, màá máa dá sọ èdè Ègùn wa nínú ilé ìdáná kí ẹnu mi má baà gbàgbé. Kò sẹ́ni tó ń dáhùn.

Ẹ ti bi mí rí pé irú iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe. Ìpolówó ọjà ni, lórí fóònù. Àwọn èèyàn kì í wo ìpolówó lásán mọ́, wọ́n á kàn fọwọ́ gbá a kọjá ni. Ká tó lè dá wọn dúró, a ní láti fún wọn ní nǹkan ṣe: kí wọ́n dáhùn ìbéèrè, kí wọ́n mú ọ̀kan, kí wọ́n jẹ ẹ̀bùn. Gbogbo ọjọ́ Ajé ni kálukú gbọ́dọ̀ mú èrò tuntun wá. Ẹni tí kò bá rí mú wá, ojú ni wọ́n á fi lé e jáde.

Nígbà tí orí mi gbẹ, ọjà Agbalata nílé ni ọkàn mi sá padà sí. Mo rántí bí ẹ ṣe máa ń fi ewé bo ẹja nínú agbọ̀n, tí ẹ ó ní kí oníbàárà fọwọ́ kàn án kó dárúkọ rẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, ẹ ó fi ènì sí i fún un. Mo sọ ọ́ di eré orí fóònù fún oníbàárà wa kan tó ń ta èso. Ọ̀gá mi obìnrin yìn mí, ó ní kí n tún mú irú rẹ̀ wá láti ilé wa. Inú mi dùn bí ọmọdé.

Lẹ́yìn náà ni ẹlẹ́ja inú agolo gbé iṣẹ́ wá. Mi ò rí èrò kankan mú wá. Lọ́jọ́ kan tí èmi àti ọ̀gá mi jọ ń jẹun, àárò ilé mú mi, mo bá sọ fún un pé àwa obìnrin etí òkun kì í ka ọkọ̀ tó ń bọ̀ wálé, torí ẹni tó bá ń kà á ti ń wá èyí tí kò ní dé nìyẹn. Mo sọ fún un pé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí Bàbá ò dé láti òkun, ẹ ò kà, ẹ kàn jókòó ti agbọ̀n yín títí gbogbo èèyàn fi lọ tán. Ó dì mọ́ mi, omi sì lé sí òun náà lójú.

Lọ́jọ́ Ajé, ó ti sọ ọ́ di eré, ó gbé e wá sí ìpàdé. Àwọn ọkọ̀ á máa bọ̀ lójú òkun. Kà wọ́n, kí o mú èyí tí kò ní dé. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á gba ẹja agolo lọ́fẹ̀ẹ́.

Ó ní kí n ya àwòrán rẹ̀, mo ní mi ò yà á. Ó ní eré lásán ni, pé ta ló mọ bàbá ẹni tó jẹ́.

Mo ní, "Èmi mọ̀ ọ́n. A ò tíì rí òkú rẹ̀ sin."

Ó rán mi létí pé iṣẹ́ yìí ló so ìwé ìgbélùú mi ró. Màámi, mo rò ó, mi ò ní purọ́ fún yín. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Síbẹ̀ mo ní rárá, wọ́n sì ní kí n máa lọ.

Ẹlòmíràn ló yà á. Ó ti jáde báyìí, àwọn èèyàn ń ṣe é, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mo gbọ́ pé ó ti dé Ajara lọ́dọ̀ yín níbẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá na fóònù sí yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wò ó.

Èmi wò ó. Wọ́n ní kí n mú ọkọ̀ tí kò ní dé. Mi ò mú ìkankan. Etí òkun ni mo fọwọ́ tẹ̀, níbi tí wọ́n ń gúnlẹ̀ sí, torí mo fẹ́ kí gbogbo wọn dé. Fóònù náà ní mo kùnà, kí n tún gbìyànjú.

Kí Ọlọ́run bá wa ṣọ́ Sewanu lójú omi. Kó dá ẹ̀mí yín sí títí màá fi dé, ìbáà ṣe ọwọ́ òfo ni mo gbé bọ̀. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, àti àwọn èèyàn wa ní Ikoga.

Èmi ni ọmọ yín,
Mautin